Wò Ó Dáadáa Kí O Tó Yà Á

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń palẹ̀ yàrá mi mọ́ nígbà tí ọwọ́ mi ba fáìlì ńlá kan lábẹ́ ibùsùn. Eruku ti bò ó. Nígbà tí mo tú u, àwọn àwòrán tí mo yà ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo bá nínú rẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá jẹ́ àwòrán igbá kan tí a gbé ka orí àpótí. Àárín bébà náà ti lu. Eku kọ́ ló jẹ ẹ́, ikán kọ́ ló sì jẹ ẹ́. Èmi fúnra mi ni mo fi rọ́bà pa ibẹ̀ rẹ́, tí mo tún ún yà, tí mo tún pa á rẹ́, títí tí bébà fi ya.

Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi, nítorí mo rántí ọmọbìnrin tó ya àwòrán náà. Mo rántí bí ó ti ń bẹ̀rù àṣìṣe tó, mo sì rántí ohun tí ó ń wò lójoojúmọ́ tí kò rí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi kọ́ ni mo yan iṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fẹ́ kọ́. Máàkì mi ni kò tó, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo wọ̀ sì ní àyè kan ṣoṣo ló kù fún mi, ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Mo gbà á, mo sì fi ọkàn mi balẹ̀ pé kò ní le. Ṣebí mo ti ń yàwòrán láti ilé ẹ̀kọ́ girama? Bí mo bá rí fọ́tò olórin kan lórí fóònù, n ó fi rúlà fa ìlà gba orí bébà, n ó pín in sí onígun mẹ́rin kéékèèké, n ó sì máa da ohun tó wà nínú fọ́tò kọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á pariwo pé ó jọ ọ́ gan-an. Mo ka ara mi sí ayàwòrán.

Ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa gbé àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n sì gbé igbá kan lé e lórí. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan pẹ́ńsù." A wo ara wa lójú, a rẹ́rìn-ín. Kí ló wà lára igbá tí a ó máa wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú? Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, mo ti wò ó tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó ń kọjá lóde.

Nígbà tí a wá gba àyè láti yà á, èmi ni mo kọ́kọ́ parí. Igbá mi dán, ó yí po, kò ní àbàwọ́n. Olùkọ́ wa dé ẹ̀yìn mi, wọ́n dúró.

"Kí ni o yà yìí?"

"Igbá ni, sà."

"Igbá ta ni?"

"Igbá tó wà níwájú wa yìí ni, sà."

Wọ́n mi orí. "Igbá tó wà níwájú wa ti sán létí. Ó wọ́ díẹ̀ sí apá òsì. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ò sì dé abẹ́ rẹ̀. Igbá tìrẹ yí po bí òṣùpá. Igbá tí o ti mọ̀ láti kékeré ni o yà. O kò tíì wo èyí."

Mo mú rọ́bà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́. Bí mo ṣe ń yà á ni mo ń pa á rẹ́, títí tí bébà fi lu, tí kíláàsì sì fi ẹ̀rín sí i. Olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ike kan, wọ́n gbé e yí gbogbo kíláàsì ká, wọ́n sì gba rọ́bà lọ́wọ́ gbogbo wa pátá. Wọ́n ní, "Títí sáà yìí yóò fi parí, kò sí rọ́bà mọ́. Bí o bá fa ìlà tí kò tọ́, fa èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Ìlà tí kò tọ́ ni yóò fi hàn ọ́ bí èyí tó tọ́ ti jìnnà tó."

Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń wo nǹkan. A kọ́ bí a ṣe ń na apá gbọọrọ, tí a ó di ojú kan, tí a ó sì fi pẹ́ńsù wọn gíga nǹkan, kí a tó fi wé fífẹ̀ rẹ̀. A kọ́ láti ya àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ àpótí dípò ẹsẹ̀ àpótí fúnra rẹ̀, nítorí pé ọpọlọ ò ní orúkọ fún àlàfo, kò sì lè tètè purọ́ nípa rẹ̀. Ẹnì kan nínú wa á dúró síwájú, a ó sì fi èédú yà á láàárín ìṣẹ́jú kan péré. Kó tó yí padà, a gbọ́dọ̀ ti mú bí ó ṣe dúró. Kò sí ààyè láti kọ́kọ́ rò ó kí ó lè dára. Èyí ni mo kórìíra jù.

Àmọ́ ohun tó lé mi kúrò ní kíláàsì ni ọjọ́ Ẹtì. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a máa ń lẹ iṣẹ́ wa mọ́ ògiri, olúkúlùkù á sì sọ ohun tó rí. Nígbà tó kan tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀. Ó dà bíi pé ẹni tó yà á ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà bá a wí." Ara mi gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Mo já bébà mi kúrò lára ògiri, mo sì jáde. Ọjọ́ Ẹtì méjì ni n kò yọjú. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ibà ló ń ṣe mí.

Olùkọ́ wa ránṣẹ́ pè mí. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n bi mí bóyá mo rò pé òyìnbó ló kọ́ àwọn baba wa ní lámèyítọ́. N kò mọ ohun tí n ó sọ. Wọ́n wá sọ fún mi nípa ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, tó rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, tó ń gbé ère gbígbẹ́ síwájú àwọn ènìyàn, tó sì ń bi wọ́n léèrè èyí tó dára jù àti ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1973 ni ó tẹ ohun tó gbọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàn sọ fún un pé ó dára, kí wọ́n dákẹ́ síbẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa jíjọra: ère gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jọ ọ́ jù, kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí i jù. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìfarahàn: kí ojú, etí àti ìka hàn ketekete, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá wọn. Wọ́n sọ ibi tí agbẹ́gilére ti ṣe é dáadáa, wọ́n sì sọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti yẹ̀.

Olùkọ́ wa ní, "Ṣé ọ̀tá agbẹ́gilére ni wọ́n? Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ ló ń fara balẹ̀ wò ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò kà ọ́ sí á ní ó dára, á sì kọjá lọ." Mo dúpẹ́, mo padà sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, etí mi nìkan ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ọkàn mi kò tíì gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, olùkọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà fi àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan hàn wá. Ìbàdàndùn ni aṣọ náà. Wọ́n tọ́ka sí àwọn òpó Gbọ̀ngán Mápó tí àwọn obìnrin yà sínú rẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn aláṣọ àdìrẹ kò fi ọ̀rọ̀ ayé sílẹ̀ láìyà. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George karùn-ún, pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní ọdún 1935, òun àti olorì rẹ̀ di àwòrán lára àdìrẹ tí a ń pè ní Ọlọ́ba. Wọ́n ní irú àwọn aṣọ wọ̀nyí wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ènìyàn ń wọlé lọ wò.

Gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi nìkan ni kò kọ nǹkan kan. Láti kékeré ni mo ti ń fi Ìbàdàndùn bora sùn. Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, aláró ni wọ́n ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Olùkọ́ béèrè bóyá ẹnì kan nínú wa ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é rí. N kò na ọwọ́ mi sókè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí.

Mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé oúnjẹ mi sílé. Ìyá Àgbà fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, wọ́n gbé e wá fún mi. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì nínú bùbá alápá kúkúrú, apá wọn méjèèjì sì dúdú fún aró láti ìka dé ìgúnpá. Àwọn ọmọ kíláàsì mi yọ jáde, wọ́n ń nàka. Ọ̀kan bi mí pé, "Ta nìyẹn?" Mo dáhùn pé, "Obìnrin tó ń bá wa fọṣọ ni." Ìyá Àgbà gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Mo sọ fún ara mi pé wọn ò gbọ́.

Láti ìgbà náà, ìgbàkígbà tí Ìyá Àgbà bá ń bọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ mi, bùbá alápá gígùn ni wọ́n máa ń wọ̀, ìbáà jẹ́ nínú ooru oṣù kẹta. Mo rò pé òtútù àgbà ni. Lójoojúmọ́ ni mo ń wo apá aṣọ yẹn. N kò rí i.

Nígbà tí sáà ń parí lọ, olùkọ́ wa fún wa ní iṣẹ́ àṣeparí: kí olúkúlùkù lọ sí ilé, kó ya ọwọ́ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ láti inú fọ́tò. A gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹni náà. Mo ronú kan àbúrò bàbá mi tó jẹ́ télọ̀. Mo ronú kan obìnrin tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ilé wa. Ní ìkẹyìn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìtòkú.

Mo bá Ìyá Àgbà ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti ro ẹ̀kọ láti inú ìyẹ̀fun láfún, wọ́n ti fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n sì ti sẹ́ ẹ kí ó lè jọ̀lọ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré kan. Wọ́n ti ká a, wọ́n sì ti tú u, kí ojú ìká rẹ̀ lè pín in sí onígun mẹ́rin. Ìyẹn ni rúlà tiwọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n sì ń wo aṣọ náà láìsọ̀rọ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí olùkọ́ wa fi ipá mú wa ṣe níwájú igbá ni Ìyá Àgbà ń ṣe yìí, láìsí ẹni tó rán wọn.

Wọ́n mú ìyẹ́ adìẹ, wọ́n tì í bọ inú ẹ̀kọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ìlà wọn kò gbọ̀n. Nígbà tó yá, ẹ̀kọ kán sílẹ̀ níbi tí kò yẹ. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Ìyá Àgbà, ó ti bàjẹ́!" Wọ́n wo ibẹ̀ díẹ̀. Wọ́n fi ìyẹ́ fa ìrù sí i lẹ́yìn, wọ́n fa ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, ó di alángbá.

Wọ́n ní, "Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Àgbà náà kì í mọ ẹ̀kọ yà kó má kán sílẹ̀. Èyí tó bá ti kán, kò ní padà sínú abọ́ mọ́. N ó wá iṣẹ́ fún un ni."

Mo jókòó tì wọ́n ní gbogbo ọjọ́ náà, mo ń fi èédú ya ọwọ́ wọn. Ní alẹ́, mo gbé e fún wọn tìyangàtìyangà. Wọ́n gbé e sún mọ́ iná. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ yín ni, Ìyá Àgbà."

"Ọwọ́ mi? Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ ọmọge tí kò tíì fọ ìkòkò rí lèyí. Níbo ni o gbé ọjọ́ orí mi sí? Níbo ni o gbé aró mi sí?"

Mo wo àwòrán náà, òótọ́ sì ni. Ìka tí mo yà gún régé. Èékánná tí mo yà mọ́ tónítóní. Èédú dúdú wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀, kò sí ohun tó dí mi lọ́wọ́ láti fi aró sí i. Mo ti pé ọmọ ogún ọdún, mo sì tún ń fi ọwọ́ ìyá mi àgbà pamọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì. N kò lè sùn lóru ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, mo tún jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò kọ́kọ́ yà nǹkan kan. Mo wò. Ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún wọn ti tẹ̀ ní oríkèé, bí ìka ẹni tó ti di ìyẹ́ mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlà aró yí gbogbo èékánná wọn ká. Lẹ́yìn ọwọ́ òsì, àpá kan wà tó ń dán, tí n kò rí rí. Mo béèrè ohun tó fà á.

"Sódà ni," ni wọ́n wí, wọn ò sì gbé ojú sókè. "Ọdún tí a san owó ìdánwò àṣejáde rẹ ni. Wọ́n fẹ́ gba ogún aṣọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ń kánjú."

Èédú bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé oúnjẹ wá fún mi ní ilé ìwé?"

"Ọjọ́ tí o ní mò ń bá yín fọṣọ?"

Mo kúnlẹ̀. Ìyẹ́ kò dúró lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fa ìlà kan dé òpin rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́. Etí mi kò di nígbà náà. Ó sì dùn mí, Àbẹ̀kẹ́, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo délé, mo fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ apá mi títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Aró kò lọ. Ni mo bá lọ ra bùbá alápá gígùn, kí ojú má baà tún tì ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó tó. Dìde níbẹ̀, o ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi. Ya ọwọ́ náà bó ṣe rí." Wọ́n sì ká apá bùbá wọn sókè dé ìgúnpá, kí n lè rí i dáadáa.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yà á. Mo rí ohun púpọ̀ tí n kò mọ̀ rí. Mo rí i pé bí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró díẹ̀díẹ̀; pé wọ́n á rì í, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, kí ó tó dúdú tó; pé ìgbà tí wọ́n bá họ ẹ̀kọ kúrò ní ìkẹyìn ni ìlà tí wọ́n yà á ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn. Ẹni tó ń ya àdìrẹ kì í rí iṣẹ́ ara rẹ̀ tán ní ọjọ́ tó yà á. Sùúrù ni gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Mo lẹ àwòrán mi mọ́ ògiri, orúnkún mi ń gbọ̀n. Gbogbo ìlà tí kò tọ́ ló wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó tọ́. Olùkọ́ wa wò ó, wọ́n sì béèrè ìbéèrè wọn àtijọ́: "Ọwọ́ ta nìyí?"

Mo ní, "Ọwọ́ ìyá tó bí ìyá mi ni, sà. Aláró ni wọ́n, ní Ìtòkú."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ lójú àwùjọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ̀rọ̀ sí mi ní ìjelòó dìde, ó ní òun rí i pé ọwọ́ náà wúwo, òun sì gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà ó fi kún un pé àtàǹpàkò òsì ti gùn jù. Ẹlòmíràn ní mo fi ẹ̀yìn àwòrán sílẹ̀ lófìfo. Mo mú báírò, mo sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàkì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni mo gbà. Àwọn mẹ́fà ló gbà jù mí lọ. Mo sùn fọnfọn lóru ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni kíláàsì náà sọ mí dà, n kò lè ní ó sọ mí di ayàwòrán ńlá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yà jù mí lọ pọ̀. Olùkọ́ ni mí báyìí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré kan. Ohun tí ó ṣe fún mi ni pé ó gba ìwà kan lọ́wọ́ mi tí n kò mọ̀ pé mo ní: ìwà kí a ti mọ nǹkan tán kí a tó wò ó. Bí mo ṣe mọ igbá láìwò ó ni mo ṣe mọ Ìyá Àgbà láìwò wọ́n. Mo sì ti mọ ara mi bẹ́ẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò gbọdọ̀ ṣe àṣìṣe, nítorí náà ni mo fi ń fi rọ́bà lu ayé mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu géètì kò ṣe é pa rẹ́. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, nípa ṣíṣe bíi pé kò ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n fa ìlà tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ aláró, ó gba kí n wọ kíláàsì kí n tó mọ ohun tí mo ní.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ kan nínú kíláàsì mi fi rọ́bà lu bébà rẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. Mo jókòó tì í. Mo ní kó má ya nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà, kí a kàn jọ máa wo kẹ́tù tó wà níwájú wa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ìdérí rẹ̀ kò bára mu." Mo mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ jókòó ti ẹnì kan nínú ilé yín, bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ. Ẹ ya ọwọ́ rẹ̀. Kò pọn dandan kó dára, ẹ má sì lo rọ́bà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó. Bí ẹ bá rí àpá kan tí ẹ kò mọ̀, ẹ béèrè.

Ìyá Àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, wọn ò rẹ aró mọ́. Àwòrán náà wà lára ògiri pálọ̀ wọn. Bí àlejò bá béèrè rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ló yà á. Àtàǹpàkò yẹn ti gùn jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni."